Ihò Kékeré Tó Ń Jẹ Owó: Ìrírí Mi Lórí Mẹ́mórì Ẹ̀rọ Géèmù

$109.97. Iye tí mo ná nìyẹn, láàárín oṣù mẹ́rìnlá, lórí káàdì mẹ́mórì mẹ́ta, ibi tí ẹ̀rọ géèmù ń tọ́jú nǹkan sí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Ẹ̀rọ géèmù tí mo tìtorí rẹ̀ rà wọ́n, $249.99 ni mo rà á. Èmi kò jókòó ṣírò rẹ̀. Ìyàwó mi ló ṣírò rẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ kan tó ń yẹ ìwé báńkì wa wò, tó ń kà á sókè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ń ka gbèsè oníbàárà. Ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá Ayọ̀, mẹ́mórì, mẹ́mórì, mẹ́mórì. Ṣé ẹ ti ń gbàgbé nǹkan ni?"

Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí rí, ní Ìbàdàn, kí n tó mọ ọ̀nà Amẹ́ríkà rárá.

Ilé géèmù kan wà ní Mọ́kọ́lá ní nǹkan bí 2003, nígbà tí mo ṣì ń retí èsì JAMB. PS2 (ẹ̀rọ géèmù ti Sony) mẹ́rin, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, bẹ́ǹṣì gígùn méjì, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń da èéfín wọlé bí atẹ́gùn bá yí padà. Bọ̀ọ̀dá Géèmù la máa ń pe ẹni tó ni ín, n kò mọ orúkọ rẹ̀ gan-an títí mo fi kúrò ládùúgbò. Ẹ̀rọ PS2 yẹn kò ní ibi ìpamọ́ kankan nínú ara rẹ̀. O lè gbá bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ dalẹ́, kí o ra agbábọ́ọ̀lù, kí o tà, kí o gba ife, bí NEPA bá mú iná lọ tí kò sí mẹ́mórì káàdì lára ẹ̀rọ, o ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ojúlówó káàdì tí Sony ṣe fún un, 8MB péré ni. Fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta láti orí fóònù tí mò ń lò báyìí ti kún un fọ́fọ́.

Káàdì kan ṣoṣo ni Bọ̀ọ̀dá Géèmù ní. Ó fi okùn bàtà so ó kọ́ ọrùn bíi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bí o bá fẹ́ kí ó tọ́jú líìgì rẹ sínú rẹ̀, owó ọ̀tọ̀ nìyẹn, lórí owó tí o fi gbá a. Inú bí wa. Àwa méje dá owó jọ, a lọ sọ́jà, a ra tiwa. Ẹni tó tà á fún wa fi hàn wá pé 64MB ni wọ́n kọ sí i lára, ìlọ́po mẹ́jọ ti Bọ̀ọ̀dá Géèmù, owó rẹ̀ kò sì tó ti ojúlówó. Aláwọ̀ búlúù ni, ojú ń rí inú rẹ̀. A gbé e wọlé bí ẹni gbé ọmọ tuntun wọlé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta a fi sí i, ẹ̀rọ ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀. A yọ ọ́, a fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, a nù ún mọ́ ṣòkòtò, a tún fi sí i. Òfìfo. Líìgì àwa méjèèje ti lọ. Bọ̀ọ̀dá Géèmù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹni tó gbẹ́ ihò yẹn ló mọ ohun tó máa kì bọ̀ ọ́." Mo rò pé ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó tó ogún ọdún kí n tó mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Sony fi ìtìpa ìkọ̀kọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní MagicGate sínú káàdì wọn, kí ẹ̀rọ náà lè máa dá tiwọn mọ̀.

Mo dé Houston ní 2009. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo kọ́kọ́ bá gbé ní Xbox 360, ẹ̀rọ géèmù ti Microsoft. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó fi sukurudiráfà tú àpótí háàdì dísìkì rẹ̀ níwájú mi, 120GB, irú èyí tí Microsoft gbé jáde ní $179.99 ní 2007. Nínú rẹ̀, háàdì dísìkì kékeré inú kọ̀ǹpútà alágbèéká ni mo rí, ti gbogbo ayé, tó wà lórí igbá ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní owó tí kò tó ìdajì. Ike tí wọ́n fi bò ó ló yàtọ̀, àti àmì ìkọ̀kọ̀ kan tí ẹ̀rọ ń wò kó tó gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé o rí i? Ike ni mo ra." Ní April 2010 ni Microsoft tó gbà kí èèyàn fi USB lásán sí Xbox 360, wọ́n sì tún fi òdiwọ̀n sí i: 16GB fún ẹyọ kan, méjì péré.

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ojú mi ti rí yìí, mo lọ ra PS Vita, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká ti Sony.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Láàárín aago méjì sí mẹ́ta òru, bí gbogbo wọn bá ti sùn, ojú ló ń dá ni lóró. Vita jáde ní Amẹ́ríkà ní February 2012, ojú rẹ̀ dán bí dígí, mo ra á lọ́sẹ̀ tó jáde. Mo dé ibi iṣẹ́, mo tú páálí rẹ̀, mo tan án. Kò sí mẹ́mórì nínú páálí. Kò sì sí èyí tí mo lè fi tọ́jú géèmù nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àwọn géèmù kan wà tí o lè ra káàdì wọn ní ṣọ́ọ̀bù, kí o fi sẹ́nu ẹ̀rọ, síbẹ̀ wọn kò ní tọ́jú ibi tí o dé àfi bí mẹ́mórì bá wà nínú ihò kejì. Mo mú káàdì microSD inú fóònù mi, mo gbé e sẹ́nu ihò náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹn ni wọ́n ń tà.

Iye tí wọ́n ń tà á nígbà náà rèé, n kò lè gbàgbé wọn mọ́: 4GB, $19.99. 8GB, $29.99. 16GB, $59.99. 32GB, $99.99. Ti fóònù, 32GB, kò tó ìdajì iye yẹn.

Ẹni bíi tèmi, tó ń fi owó oṣù gbé ọmọ ọwọ́, kì í wo $99.99 lẹ́ẹ̀mejì. Mo ra 4GB. Géèmù ńlá kan lórí Vita lè gba nǹkan bíi 3GB, nítorí náà géèmù kan ni mo ní àyè fún. Bí mo bá fẹ́ gba òmíràn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, màá pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Mo fara dà á títí di August, mo ra 8GB. Ní April ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ra 16GB. Lójú ara mi, mò ń fi ọgbọ́n ṣe é, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ra gààrí ní kọ́ńgò kọ́ńgò nítorí kò ní owó àpò. Ṣùgbọ́n gààrí kọ́ńgò mẹ́ta, o lè dà wọ́n pọ̀ sínú ìkòkò kan. Vita ní ihò mẹ́mórì ẹyọ kan ṣoṣo. Bí 16GB bá wà níbẹ̀, 8GB àti 4GB á wà nínú àpò mi, wọn kò wúlò fún nǹkan kan. 28GB ni mo rà lápapọ̀, mo sì ná $109.97. Bí mo bá fi ara balẹ̀ ra 32GB lọ́jọ́ kìíní, n bá fi $9.98 pa mọ́, kí àyè mi sì tún gbòòrò sí i. GB kan nínú 4GB, $5 ni. Nínú 32GB, díẹ̀ lé ní $3. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ló ń san owó gọbọi jù.

Èyí tó tún wá bí mi nínú jù, ní August 2013, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí mo ra 16GB, wọ́n dín owó Vita kù sí $199.99, wọ́n sì dín owó àwọn káàdì náà kù. N kò sọ fún ìyàwó mi.

Káàdì 8GB kò bá mi pẹ́. Mo yọ ọ́ lórí àga lóru kan, mo gbé e lé orí itan mi, ọmọ ké, mo dìde. Nígbà tí mo padà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo fi eékún rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì títí ilẹ̀ fi mọ́. Nírọ̀lẹ́, ìyàwó mi ní òun ti fa eruku ilẹ̀ yẹn láàárọ̀, bóyá ó ti bá eruku lọ. Mo tú àpò ẹ̀rọ tó ń fa eruku sórí ìwé ìròyìn, mo fi ọwọ́ wá a. Irun, èérún búrẹ́dì, bọ́tìnnì kan. $29.99 kò sí níbẹ̀.

Kí n má ba tàwọn tó ṣe é jẹ́ pátápátá. PSP tó ṣáájú Vita, Memory Stick ti Sony náà ló ń lò, ẹnu ọ̀nà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbá géèmù àìsanwó gbà wọlé. Ẹni tí olè ti gbé ẹrù rẹ̀ lọ rí, tó bá ra kọ́kọ́rọ́ tuntun, a kì í bá a wí. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kì í sì sábà mú èrè ńlá wá fún àwọn tó ń ṣe é, inú géèmù àti àwọn ohun èlò kéékèèké tó yí i ká ni wọ́n ti ń rí i. Èyí yé mi. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí kọ́kọ́rọ́ olówó ilé fi ní láti jáde láti àpò àlejò.

Káàdì náà tún mọ olówó rẹ̀. Ní 2018 tí mo lọ sílé, mo gbé Vita náà fún Dàmọ́lá, ọmọ àbúrò mi obìnrin, ní Ìbàdàn. Mo rò pé géèmù mi yóò wà níbẹ̀ fún un. Ó wọlé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, ẹ̀rọ sì ní káàdì yìí ti so mọ́ orúkọ ẹlòmíràn, kí ó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ kó tó lè lò ó. Ó pa á rẹ́. Ọdún mẹ́fà mi, ìṣẹ́jú kan.

Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn tí mo padà sí Houston, Dàmọ́lá fi fọ́tò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ti gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà nígbà tó lọ kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó, wọ́n bá a kírákì rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n já ìtìpa tí Sony fi sí i, wọ́n sì fi ike kékeré kan sínú ihò tí káàdì géèmù ń gbà wọlé, èyí tó ń gba microSD. 64GB, ti fóònù àtijọ́ kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. N kì í bá wọn ṣe ìyẹn, ẹ̀rù ẹ̀rọ tó lè kú ń bà mí, ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́, mo wo fọ́tò yẹn fún ìgbà pípẹ́.

Ayọ̀ tiwa náà dàgbà. Ní Kérésìmesì 2021, ó ní Xbox Series S lòun fẹ́. $299.99, funfun, kò ju ìwé atúmọ̀ èdè méjì tí a tò léra wọn. Wọ́n kọ 512GB sí i lára, ṣùgbọ́n bí o bá tan án, 364GB ló kù fún ọ, ẹ̀rọ ti gba ìyókù fún ara rẹ̀. Géèmù ogun ayé ìsinsìnyí, ẹyọ kan lè gbà ju 100GB lọ. Kó tó di Ọjọ́ Ọdún Tuntun, Ayọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. "Dádì, àyè ti tán."

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Káàdì tí wọ́n ṣe fún un, Seagate ló ń ṣe é, 1TB, $219.99. Mo gbé e lọ́wọ́, ó wúwo díẹ̀, ó tutù. Lọ́tẹ̀ yìí mo yọ fóònù mi, mo ṣírò ó níbẹ̀, láàárín ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ojú kò tì mí. $299.99 àti $219.99, $519.98 nìyẹn. Series X, àgbà rẹ̀ tó lágbára jù ú, tó ní ibi tí wọ́n ń fi díìsìkì sí, tó sì ti ní 1TB nínú tẹ́lẹ̀, $499.99 ni nígbà náà. Lóòótọ́, Series S pẹ̀lú káàdì yóò ní àyè jù Series X lọ, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo fi ìṣirò rẹ́ wọn jẹ. Ṣùgbọ́n owó pọ́ọ́kú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ funfun yẹn, kì í ṣe iye rẹ̀ tòótọ́ fún ẹni tó ní ọmọ ọdún mẹ́wàá nílé. Mo dá káàdì padà sórí igbá.

Háàdì dísìkì USB lásán ni mo rà, 2TB, nǹkan bíi $60. Kó tó yé Ayọ̀, mo ní láti ṣàlàyé. Géèmù tí wọ́n ṣe fún Xbox One àtijọ́, o lè gbá a láti orí háàdì dísìkì yìí tààrà. Èyí tí wọ́n ṣe fún Series tuntun kò ní gbà, ìyára rẹ̀ kò tó, ibẹ̀ kàn lè gbé e pa mọ́ ni. Mo ní kó máa wò ó bí àká. Iṣu wà nínú àká, ṣùgbọ́n a kì í sè é níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ jẹ ẹ́, lọ gbé e wá sílé ìdáná. Ọmọ Houston ni, kò rí àká rí, mo wá fi fọ́tò ti bàbá mi hàn án. Ó yé e kíákíá. 50GB máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ láti àká dé inú ẹ̀rọ. Yóò tẹ̀ ẹ́, yóò lọ wẹ̀, yóò jáde, géèmù ti wà nílẹ̀. Ìyàwó mi ní òun kò rí ọmọ tó ń wẹ̀ déédéé tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní àkókò kan náà, ọ̀rẹ́ mi kan ra PS5. Sony tí wọ́n gbá mi létí pẹ̀lú Vita, lórí PS5 wọ́n fi ihò M.2 sílẹ̀ fún gbogbo ayé, irú tó wà nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún lílò ní September 2021. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe SSD (ibi ìpamọ́ tó yára ju háàdì dísìkì lọ) tó yára tó, nǹkan bí 5,500MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó ní irin tí ń fa ooru jáde, a lè rà á. Inú ọ̀rẹ́ mi dùn, ó pè mí kí n wá bá òun fi sí i.

Ọ̀sán Sátidé odindi. Èyí tó kọ́kọ́ rà kò ní irin tí ń fa ooru, ó dá a padà. A ṣí ìbòrí funfun ẹ̀rọ náà, ẹ̀rù ń bà wá pé a ti ṣẹ́ ẹ, ìró tó dún ni. A tú sukurúù kékeré kan, ó bọ́ sínú kápẹ́ẹ̀tì. Èmi náà tún wà lórí eékún pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ̀ẹ̀kejì láyé mi. A rí i. Ó ṣiṣẹ́. Owó tó fi rà á kéré sí ti Seagate ti Xbox, bí ọdún méjì sì ti kọjá, iye irú rẹ̀ ń já wálẹ̀ nítorí àwọn tó ń ṣe é pọ̀ lọ́jà.

Ti Xbox kò yí kúrò lójú kan, ẹnì kan ṣoṣo ló ń tà á. Ní 2023 ni Western Digital gbé tiwọn jáde, 1TB ní $149.99. Ta ni ẹ rò pé ó dín owó kù láìpẹ́ lẹ́yìn ìyẹn? Seagate. Káàdì kan náà, ihò kan náà. Mo ra ọ̀kan fún ọjọ́ ìbí Ayọ̀. Ó tì í sẹ́yìn ẹ̀rọ, kíká! ẹ̀rọ ní òun ti rí i. Kò gba sukurúù, kò gba eékún. Mo sì jẹ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ mi pé ìrọ̀rùn yẹn, mo mọ̀ pé mo sanwó rẹ̀, mo sì fẹ́ san án. Ó yàtọ̀ sí kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí Switch 2, ẹ̀rọ géèmù ti Nintendo, jáde ní June 2025, $449.99, kí n tó béèrè nípa géèmù rárá, mo ní kí Ayọ̀ kà mí létí irú káàdì tó ń gbà. MicroSD Express, irú microSD tó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó mú microSD Switch rẹ̀ àtijọ́ dání, ó ń bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ojú. Mo ní kò ní gbé géèmù, fọ́tò àti fídíò inú rẹ̀ nìkan ló lè kó kúrò. Ó ní, "Wọ́n tún ti ṣe é fún wa." Mo ní rárá, kì í ṣe Nintendo nìkan ló ń ṣe é, dúró díẹ̀, yóò wálẹ̀. A ṣì ń dúró.

Oṣù yẹn kan náà la gbé àga àtijọ́ jáde kúrò ní pálọ̀. Bí a ṣe dojú rẹ̀ dé, nǹkan kan já bọ́ lára aṣọ abẹ́ rẹ̀. 8GB. Mo fi kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi nù ún. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Dàmọ́lá lórí WhatsApp pé mo ti rí káàdì Vita tó sọnù, pé màá fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. "Ẹ kú iṣẹ́ sà, Dádì Ayọ̀. Ẹ ṣeun gan-an ni sà. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí 8GB da ara yín láàmú sà. Tí ẹni yẹn bá láyè nínú ẹrù, ẹ bá mi fi páàdì géèmù ránṣẹ́."

Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé tí a ti kó kúrò.